Omi Inú Ọkọ̀: Ọ̀nà Àbájáde Ló Dí

Àkọ́rọ̀ òjò ló máa ń tú àṣírí ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ṣe sí ọkọ̀. Ní Ìgbàrà-Òkè níbí, bí òjò oṣù Ẹrẹ́nà bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, àwọn awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ ìsọ̀ wa lẹ́bàá ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í yàtọ̀ síra: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọkọ̀ mi ń jò. Ẹ bá mi wá ibi tó ti lu, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù dí i." Wọ́n á ká máàtì sókè, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì, omi á sì sun jáde lára rẹ̀.

Èmi kì í kọ́kọ́ wá ibi tó lu. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ti kọ́ mi pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí omi ń wọ̀, kò sí ibì kankan tó lu. Ibi tó yẹ kí omi gbà jáde ló dí. Ẹni tí kò bá mọ èyí á ra gọ́ọ̀mù títí, á fi kun ara ọkọ̀ káàkiri, òjò tó ń bọ̀ á sì tún bá a níbi tó wà. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀, àti gbogbo ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, fi èyí sọ́kàn, nítorí owó tí àìmọ̀ rẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa kò kéré.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò retí pé òjò kò ní wọ inú ara rẹ̀ rárá. Ọ̀nà ni wọ́n là sílẹ̀ fún omi: ibi tó máa gbà wọlé, ibi tó máa gbà ṣàn, àti ibi tó máa gbà bọ́ sílẹ̀ láìkan ibi tí èrò jókòó sí. Ẹ wo ilẹ̀kùn. Rọ́bà tó wà létí fèrèsé, níbi tí gíláàsì ti ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, kì í dá gbogbo òjò dúró. Omi ń tẹ̀lé gíláàsì lọ sínú ikùn ilẹ̀kùn, ó ń ṣàn lára irin títí dé ìsàlẹ̀, ó sì ń gba àwọn ihò kéékèèké tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn tiyín, ẹ ó rí wọn.

Ẹ wo abẹ́ wáípà. Gọ́tà kan wà níbẹ̀ láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gíláàsì iwájú, ike ni wọ́n fi bò ó. Gbogbo omi tó bá ṣàn kúrò lójú gíláàsì, ibẹ̀ ló ń kó sí, kó tó pín sọ́tùn-ún àti sósì, kó sì gba ẹ̀yìn fẹ́ńdà bọ́ sílẹ̀. Inú gọ́tà yìí kan náà ni blówà ti ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú ọkọ̀. Ẹ wo òrùlé ọkọ̀ tó ní sánrúùfù. Rọ́bà etí rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń bá òjò jà. Àwo kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gba omi, túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní igun àwo náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: méjì gba inú òpó iwájú sọ̀ kalẹ̀, méjì gba inú òpó ẹ̀yìn. AC náà ní omi tirẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń di omi lára kọ́ọ̀lì tútù tó wà nínú dásíbọ́ọ̀dù, ó ń kán sínú àwo, páìpù kékeré kan sì ń gbé e jáde sí abẹ́ ọkọ̀. Òun ni omi tí ẹ máa ń rí tó ń kán sílẹ̀ bí ẹ bá dúró lẹ́yìn ìrìn ọ̀sán gangan. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tan AC, tí ooru mú, tí ẹ kò sì rí i kó kán ni kí ẹ bẹ̀rù.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ara ọkọ̀ ti lanu láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Ẹnu tí omi ń gbà jáde ni a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó pa dé.

Ibi tí à ń gbé sì ń mú kó tètè dí. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ wa. Òjò tó ń rọ̀ lọ́dún kan ní agbègbè Àkúrẹ́ sún mọ́ 1,500 mìlímítà, ó sì máa ń le lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Òkúdu sí Agẹmọ, àti ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ ni ìdíwọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò, abẹ́ igi fúrúùtù tàbí abẹ́ dóńgóyárò ni a máa ń gbé ọkọ̀ sí nítorí oòrùn. Ewé á wọ́, òdòdó máńgòrò á rẹ̀ dànù, wọ́n á sì rọra yọ́ gba etí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọ gọ́tà abẹ́ wáípà. Eruku pupa ojú ọ̀nà oko á bà lé wọn. Bí àkọ́rọ̀ bá wá dé, ewé àti eruku á pò pọ̀ di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á ṣàn lọ sẹ́nu ihò, á sì gbẹ síbẹ̀. Ọyẹ́ kan náà ló ń gbẹ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn títí yóò fi le, tí kò ní lè tẹ̀ mọ́ irin mọ́. Nítorí náà, ẹni tí omi bá ọkọ̀ rẹ̀ nínú oṣù Igbe, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti oṣù Ọ̀pẹ.

Kí n tó fọwọ́ kan síkúrù kankan, mo máa ń fi ìbéèrè wá ọ̀nà. Ṣé lẹ́yìn òjò nìkan ni ẹ máa ń rí omi yìí, àbí ẹ̀ẹ̀rùn náà ni? Ṣé ọkọ̀ dúró sójú kan ni òjò fi pa á, àbí ẹ wà lórí ìrìn? Ṣé ẹ tan AC lọ́jọ́ náà? Ṣé ibi ìfọkọ̀ ni ẹ ti ń bọ̀? Báwo ni ẹ ṣe máa ń gbé e sílẹ̀ lálẹ́, ṣé imú rẹ̀ kọjú sókè ni àbí sí ìsàlẹ̀? Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù: ta ló ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ gbẹ̀yìn, kí ló sì ṣe? Ṣé wọ́n pààrọ̀ gíláàsì iwájú? Ṣé wọ́n tú ilẹ̀kùn nítorí lọ́ọ̀kì tàbí sípíkà? Ṣé wọ́n de àláàmù mọ́ ọn? Àwọn ìdáhùn yẹn lè dín ibi tí mo máa wá kù dé ìdajì. Omi tó ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe omi òjò. Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú gíláàsì iwájú yín nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni màá wo omi fúnra rẹ̀. Bó bá mọ́ lóló, tí kò rùn, tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ti awakọ̀ ló wà, AC ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Bí ewé jíjẹrà tàbí ẹrẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, gọ́tà abẹ́ wáípà tàbí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ti wá. Bó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró, tó ní àwọ̀, tí òórùn dídùn kan ń jáde nínú ọkọ̀, tí gíláàsì iwájú sì ń ṣú lọ́nà tí nínù kò ràn, omi rédíétọ̀ nìyẹn. Rédíétọ̀ kékeré tó ń pèsè ooru, tó wà nínú dásíbọ́ọ̀dù, ló ń jò. Ẹ má fi ahọ́n tọ́ ọ wò láé, májèlé ni, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá dé ibẹ̀.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ jẹ ni ojú ibi tí omi dúró sí. Bí ilé ṣe ń jò ni: páànù lè lu lókè yàrá, kí omi tẹ̀lé igi àjà, kó sì lọ kán sí pálọ̀. Òjò tó wọlé láti túùbù sánrúùfù iwájú lè gba inú òpó bọ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kó sì ṣàn gba abẹ́ ìjókòó lọ sẹ́yìn. Ìlú olókè ni ìlú wa. Ọkọ̀ tó bá sùn sójú òkè tí imú rẹ̀ kọjú sókè, ẹ̀yìn ni omi rẹ̀ máa kó sí dájú, ìbáà jẹ́ iwájú ló ti wọlé. Ìdí tí mo fi ń béèrè bí wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lálẹ́ nìyẹn.

Àyẹ̀wò gidi nílò ènìyàn méjì àti sùúrù. A ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, a ó nu irin ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ dáadáa, a ó sì wọ́n páúdà funfun síbẹ̀ tàbí kí a tẹ́ ìwé ìròyìn. Ọmọ iṣẹ́ á wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, á ti gbogbo ilẹ̀kùn, èmi á sì mú hóòsì lóde. Omi tí kò le ni à ń lò, èyí tó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́ bí òjò. Ìsàlẹ̀ ni à ń bẹ̀rẹ̀: etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà abẹ́ wáípà, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, lẹ́yìn náà òrùlé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé ti ba àyẹ̀wò náà jẹ́, torí omi á ṣàn kọjá gbogbo ibi tó kù, a kò sì ní mọ èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. À ń dúró sí ojú kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí a tó sún sókè, nítorí omi a máa pẹ́ lọ́nà kó tó yọjú. Bí ọmọ iṣẹ́ bá kígbe pé "Ó ti dé, ọ̀gá!", ipa tí omi là nínú páúdà á fi ọ̀nà tó gbà hàn wá. Mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n má lo ẹ̀rọ afọkọ̀ alágbára fún àyẹ̀wò yìí. Ó lè ti omi gba ara rọ́bà tí kò ní àléébù kankan, á sì purọ́ mọ́ ọn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò nílò hóòsì. Ẹ ti gbogbo gíláàsì àti ilẹ̀kùn, ẹ fi blówà sí ìpele tó le jù, kó máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ta omi ọṣẹ sí etí gíláàsì àti ojú ìsopọ̀ irin lóde. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń sá jáde, ọṣẹ á hó níbẹ̀. Fún rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ìwé pẹlẹbẹ kan tó. Ẹ fi há ilẹ̀kùn, ẹ tì í, ẹ fa ìwé náà. Bó bá yọ wẹ́rẹ́ láìsí pé ohunkóhun dì í mú, rọ́bà ibẹ̀ ti kú tàbí ilẹ̀kùn náà ti wọ́.

Nínú gbogbo ohun tó ń dí, páìpù AC ni ènìyàn kì í kà sí, òun ló sì lè fa ewu tó pọ̀ jù. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2013, Toyota pe ọkọ̀ tó lé ní 800,000 padà ní Amẹ́ríkà nìkan, Camry, Avalon àti Venza tó jáde ní 2012 àti 2013. Aláǹtakùn ló ń takùn sẹ́nu páìpù tó ń gbé omi AC jáde. Omi tí kò rí ọ̀nà lọ á kún padà, á sì kán sórí bréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ábáàgì, tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Iná ìkìlọ̀ lè tàn, agbára tó ń mú kí ọwọ́ ìdarí fúyẹ́ lè lọ, ẹ́ábáàgì sì lè bẹ́ mọ́ awakọ̀ lójú níbi tó ti ń wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Kò sí irin tó ṣẹ́, kò sí ibi tó lu. Okùn aláǹtakùn dí ihò kan, ilé iṣẹ́ ńlá sì ní láti pe ọkọ̀ padà kárí ayé. Irú àwọn Camry wọ̀nyẹn wà lójú ọ̀nà wa lónìí. Ẹ ní kí oníṣẹ́ yín fi wáyà tí ẹnu rẹ̀ kò mú, tàbí afẹ́fẹ́ tí kò le, la páìpù náà láti abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Bákan náà ni ti túùbù sánrúùfù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ń fẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ̀. Mo ti rí àwọn tó ti ẹnu kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fọ́kánáísà bọ̀ ọ́ tààrà, tí wọ́n fọn ọ́n pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Túùbù á já kúrò lórí àwo láàárín òrùlé àti àjà rẹ̀, òjò á wá máa rọ̀ sí awakọ̀ lórí. Okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi gé koríko, ni kí ẹ rọra tì bọ inú rẹ̀ láti òkè. Kí ẹ wá da omi ife kan sínú àwo, kí ẹ sì wò ó kó jáde nísàlẹ̀. Bí ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jáde, iṣẹ́ parí.

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí, àwa oníṣẹ́ ló kàn jù. Nínú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, náílọ̀nù kan wà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú tí kì í gbẹ lẹ̀ mọ́ irin yípo. Omi tó bá ta láti ara gíláàsì á bá náílọ̀nù yìí pàdé, á sì ṣàn padà sínú ilẹ̀kùn. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ gíláàsì tàbí lọ́ọ̀kì, a ní láti ṣí i. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fà á ya, tí a sì ń dá bọ́ọ̀dù padà láìsí i, tí a ń sọ pé ọ̀rá lásán ni. Ọ̀rá lásán kọ́. Ilẹ̀kùn tí kò ní in, tààrà ni omi á gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Olùkọ́ kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá bá mi láti Ìlárá-Mọ̀kín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́yìn ló ń tutù bí òjò bá ti rọ̀. Wọ́n ti fi sílíkọ́nì kun rọ́bà ilẹ̀kùn náà yípo níbòmíràn, wọ́n sì ti gbowó rọ́bà tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé, "Tíṣà, ṣé ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀rọ gíláàsì ilẹ̀kùn yìí rí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣáájú ọdún Kérésì. Nígbà tí a ṣí bọ́ọ̀dù, kò sí náílọ̀nù níbẹ̀ rárá, ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn sì ti kún fún eruku dídì. A gé náílọ̀nù tó nípọn, a fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ ẹ́, a ki etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ inú ilẹ̀kùn kí omi lè padà síbẹ̀, a sì la àwọn ihò. Iṣẹ́ àárọ̀ kan ni. Owó tó ti ná lórí rọ́bà àti sílíkọ́nì ju owó iṣẹ́ wa lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe fún un nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ gbọ́: ohunkóhun tí ẹ bá tú lára ọkọ̀, ìdí wà tí wọ́n fi dè é mọ́ ibẹ̀. Rọ́bà rógódó tí wáyà ń gba inú rẹ̀ kọjá irin iwájú, ìdí wà fún un. Ike bíńtín tó ń dí ihò ilẹ̀ ọkọ̀, ìdí wà fún un. Ẹ̀yin rìwáyà tó ń lu irin láti gba wáyà àláàmù tàbí tírákà kọjá, ẹ fi rọ́bà sẹ́nu ihò náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wáyà náà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí omi lè kán sílẹ̀ dípò kó tẹ̀lé e wọ inú ọkọ̀. Ẹ̀yin pánẹ́ẹ̀lì bítà, ojú ìsopọ̀ irin tí ẹ jó pọ̀ lẹ́yìn jàǹbá kò gbọdọ̀ lọ sábẹ́ ọ̀dà láìsí gọ́ọ̀mù ojú ìsopọ̀. Omi á rí i, ìpẹtà á sì tẹ̀lé omi.

Gíláàsì iwájú náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí Peugeot 504 ń jáde ní Kàdúná, tí Beetle sì ń jáde ní Èkó, láti 1975, rọ́bà ni wọ́n fi ń gbé gíláàsì sójú irin. Okùn ni a fi ń fa ètè rọ́bà náà wọlé, oníṣẹ́ tó bá lóye sì lè ṣe é lábẹ́ igi. Gíláàsì òde òní, gọ́ọ̀mù ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, ó sì ti di ara egungun ọkọ̀. Ó ń bá òrùlé gbé ẹrù bí ọkọ̀ bá gbókìtì, ẹ́ábáàgì èrò iwájú sì ń fẹ̀yìn tì í nígbà tó bá bẹ́. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní urethane ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Sílíkọ́nì tí wọ́n fi ń lẹ fèrèsé ilé kò lágbára tó o. Èyí tó máa ń rùn bíi ọtí kíkan pàápàá a máa mú irin tí kò ní ọ̀dà pẹtà. Bí sílíkọ́nì bá sì ti kan ibì kan, urethane kò ní lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ mọ́, àfi kí a ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá fi sílíkọ́nì dí gíláàsì yín lónìí ti ba iṣẹ́ ẹni tó máa ṣe é dáadáa lọ́la jẹ́.

Àwọn kan á ní kí ni omi díẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì jẹ́, ṣebí oòrùn á gbẹ ẹ́. Ojú kápẹ́ẹ̀tì ni oòrùn ń gbẹ. Fóòmù tó nípọn wà lábẹ́ rẹ̀, ó lè mu ọ̀pọ̀ lítà omi kó sì gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Abẹ́ ibẹ̀ ni wáyà gba, abẹ́ ibẹ̀ ni irin ti ń jẹrà láìsí ẹni tó rí i, ibẹ̀ sì ni èbu tó ń mú ọmọdé wúkọ́ ti ń hù. Nínú Volkswagen Passat tó jáde láàárín 1998 sí 2005, bátìrì wà nínú gọ́tà iwájú gíláàsì, ihò àbájáde kan sì wà lábẹ́ bátìrì náà tí ojú kò lè rí. Bréènì bọ́ọ̀sì tó ń darí lọ́ọ̀kì àti gíláàsì ilẹ̀kùn wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Ewé ẹ̀kúnwọ́ kan lè dí ihò yẹn, kí gọ́tà kún, kí omi ya wọlé, kí àwọn gíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn lóru. Mo mọ àwọn awakọ̀ tó ti pààrọ̀ bréènì bọ́ọ̀sì léraléra, tí kò sí ẹni tó la ihò fún wọn.

Nítorí náà, bí a bá ti rí ibi tí omi ń gbà, ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdajì kejì ni gbígbẹ. Ẹ yọ ìjókòó, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù rẹ̀ jáde sóòrùn, kí ẹ yí fóòmù náà padà títí tí aṣọ funfun tí ẹ bá tẹ̀ mọ́ ọn kò fi ní tutù. Kí ẹ tó yọ ìjókòó, ẹ já orí bátìrì, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, torí wáyà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè lábẹ́ ibẹ̀, ti ẹ́ábáàgì ni. Ẹ ha ìpẹtà kúrò lójú irin, kí ẹ kùn ún lọ́dà kí kápẹ́ẹ̀tì tó padà.

Ẹni tó bá ń lọ ra Tòkunbọ̀ náà ní ẹ̀kọ́ kọ́ níbí. Nígbà tí ìjì Harvey kọlu Texas ní Amẹ́ríkà ní oṣù Ògún 2017, àti nígbà tí Ian kọlu Florida ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2022, omi bo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọkọ̀. Òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìwé kì í fìgbà gbogbo bá ọkọ̀ sọdá òkun. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin rẹ̀, kí ẹ wo bóyá ilà ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ wo orí nọ́ọ̀tì tó de ìjókòó mọ́lẹ̀ bóyá ó ti pẹtà. Ẹ yọ táyà ìpààrọ̀, kí ẹ fọwọ́ kan kòtò rẹ̀. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rinrin wà nínú gíláàsì rẹ̀. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá tuntun ju ọkọ̀ lọ, tí lọ́fíńdà inú rẹ̀ sì le jù, ẹ béèrè ìdí. Ẹ mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ (VIN), kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ka owó. Ọkọ̀ tí omi òkun bò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó ń jò. Iyọ̀ inú wáyà kò ní àtúnṣe tó dá mi lójú, mo sì máa ń sọ fún oníbàárà mi pé kó má rà á.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún kò ná yín lówó púpọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà tí ọyẹ́ bá ń lọ àti nígbà tí àrọ̀kúrò bá parí, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ọwọ́ kó ewé kúrò lábẹ́ wáípà. Ẹ fi igi ìtayín la ihò abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ da omi sí igun sánrúùfù, kí ẹ wò ó kó bọ́ sílẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ sì fi òróró sílíkọ́nì ra á. Ẹ má fi Vaseline tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ra á, wọ́n ń mú rọ́bà wú ni. Bí omi bá ti wọlé, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù kó tó fi hàn yín, pẹ̀lú hóòsì, ibi tí omi ń gbà àti ibi tó yẹ kó ti jáde. Oníṣẹ́ tí kò bá lè fi ibẹ̀ hàn yín kò tíì mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín. Ẹ má tíì fún un lówó.